Ohun tí Epo Dídì Ń Sọ fún Wa ní Monrovia

Nígbà tí oṣù Keje bá dé, tí òjò Monrovia ti rọ̀ títí tí ilẹ̀ kò fẹ́ gbà á mu mọ́, tí afẹ́fẹ́ òkun sì ń gba ojú fèrèsé wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn, ohun kan a máa ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìdáná mi ní Sinkor tí n kò lè ṣàì dúró wò. Epo pupa tí mo rà ní ọjà Duala, tí ó pupa fòò tí ó sì ń ṣàn bí omi lọ́jọ́ tí mo rà á, a pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà méjì nínú ìgò: ìsàlẹ̀ a dì, a ki, àwọ̀ rẹ̀ a wá fẹ́ jọ ti ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, òkè a wà ní ṣíṣàn, a mọ́ gaara, a sì máa dán bí ojú ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para. Kò sí ẹni tó sẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó fi ajọ̀ kàn án. Ìtura díẹ̀ tí òjò mú wá ló yà wọ́n.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ìlú yìí, mo rò pé epo àbùlà ni wọ́n tà fún mi. Mo gbé ìgò náà padà lọ sí Duala, mo bá ìyá tó tà á, àgbà obìnrin tí gbogbo ọjà ń pè ní Old Ma, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti í pe obìnrin tó ti dàgbà ní ilẹ̀ Liberia láti bọ̀wọ̀ fún un. Ìyá náà kò bínú. Ó yí ìgò náà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá, ó sì sọ fún mi pé epo tí kò bá dì nígbà òjò ni kí n máa fura sí, nítorí èyí tí wọ́n bá bu òróró lù kì í dì bẹ́ẹ̀. Pé bí mo bá fẹ́ dín ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí n da ti òkè, bí ó bá sì jẹ́ ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè, kí n gbé ìgò sí ẹ̀gbẹ́ iná títí méjèèjì yóò fi padà di ọ̀kan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi lọ́kàn, tí mo ń ka ìwé lé e lórí, tí mo sì ń bi àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ léèrè, títí ó fi hàn sí mi pé ìmọ̀ tí ìyá yìí fi ń ta epo ni ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn Yúróòpù fi sọ epo wa di àbẹ́là, di bọ́tà orí búrẹ́dì, di ṣokoléètì, òun kan náà sì ni Elédùmarè fi kó àwọn irin iyebíye jọ sínú àpáta kí a tó dá ènìyàn sáyé. Àwa tí a ni epo tí a sì ni àpáta ni kò tíì fi ìmọ̀ náà ṣe iṣẹ́ tó tó iṣẹ́. Àdàlù ni à ń tà, àyàsọ́tọ̀ ni à ń rà padà, àárín méjèèjì sì ni èrè ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, níwọ̀n bí ọwọ̀ àti epo ti jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tí ọ̀pẹ bí àwọn méjèèjì. Bí a bá ṣa ìgbálẹ̀ tó gún jọ, wọn óò sùn ti ara wọn, okùn kékeré yóò sì dì wọ́n pinpin. Ṣùgbọ́n bí a bá kó àwọn tó wọ́ tó sì kákò jọ, bó ti wù kí a fún okùn tó, àyè yóò ṣì máa wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rá rí. Àdàlù oríṣiríṣi ọ̀rá ni ohun tí à ń pè ní epo pupa, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ọ̀rá náà sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ẹsẹ̀ kan gún, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní palmitic, orúkọ tí wọ́n fà yọ láti ara orúkọ ọ̀pẹ fúnra rẹ̀, tí ó sì tó nǹkan bí 44 nínú 100 àwọn ẹsẹ̀ tó wà nínú epo. Àwọn mìíràn wọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní oleic, òun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 nínú 100. Bí ooru bá ti ń lọ sílẹ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígún ni yóò kọ́kọ́ rí ara wọn, wọn óò sùn ti ara wọn, wọn óò di hóró líle. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ yóò ṣì máa ṣàn kiri láàárín wọn. Ọ̀rá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ palmitic kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ oleic yóò ṣì máa ṣàn nínú òtútù tí kò jìnnà sí ti omi dídì. Inú epo kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Sùúrù ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Bí a bá fi ìkánjú mú epo tutù, bí ẹni tó gbé e sínú fíríjì lójijì, gbogbo rẹ̀ a dì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, hóró rẹ̀ a kéré bí eruku, èyí tó yẹ kó máa ṣàn a há sí àárín wọn, a kò sì ní rí ohun kankan yà sọ́tọ̀. Bí a bá rọra mú un tutù, hóró a dàgbà, a tóbi, a sì fún èyí tó ń ṣàn láyè láti bọ́ jáde. Àwọn baba wa ti wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Hippolyte Mège-Mouriès ni ó sọ ẹ̀sọ̀ yìí di òwò ńlá ní ọdún 1869, nígbà tí Napoleon Kẹta ń wá ohun tí yóò dípò bọ́tà fún àwọn ọmọ ogun àti àwọn tálákà. Ó yọ́ ọ̀rá màlúù, ó fi í sílẹ̀ nínú ooru wẹ́rẹ́ títí èyí tó le fi dì kúrò lára rẹ̀, ó fún èyí tó rọ̀ jáde, ó sì pò ó mọ́ wàrà. Ohun tí à ń pè ní màgárínì nìyẹn, tí àwọn ọmọ wa ń fi pa búrẹ́dì láràárọ̀.

Ṣáájú rẹ̀ ni epo ọ̀pẹ wa ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ àbẹ́là tí ń jẹ́ Price's, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1830, ń ra epo láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ń tú ọ̀rá rẹ̀ palẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè bọ́ lára rẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kó tutù, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ fún apá tó ń ṣàn jáde títí yóò fi ku apá funfun líle tí kì í rùn tí kì í sì í tètè yọ́ sílẹ̀. Òun ni wọ́n ń fi ṣe àbẹ́là. Wọ́n tilẹ̀ ń polówó rẹ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tó bá tan àbẹ́là epo ọ̀pẹ ń bá òwò ẹrú jà. Nínú àwọn epo tó ń gúnlẹ̀ sí Liverpool nígbà náà, èyí tó ti Èkó lọ ni wọ́n kà sí ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù, nítorí pé àwọn ìyá wa kì í jẹ́ kí ẹyìn rà kí wọ́n tó sè é, epo wọn sì rọ̀, kò kan. Ní Monrovia níhìn-ín, àwọn oníṣòwò ọmọ Liberia náà kò gbẹ́yìn: Edward James Roye, tí ó di Ààrẹ karùn-ún ilẹ̀ náà ní ọdún 1870, ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ tí ń ru ẹrù ilẹ̀ yìí lọ sí òkè òkun. Ọkọ̀ jẹ́ ti ọmọ dúdú, epo jẹ́ ti ọmọ dúdú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ àgbá sílẹ̀ ní èbúté Liverpool, ìyàsọ́tọ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni, lọ́wọ́ àwọn tí kò gun ọ̀pẹ rí.

Bí wọ́n ti ń ṣe é lónìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí òjò ń ṣe nínú ìgò mi, àfi pé wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ìyá ti ń ṣọ́ ọmọ tó ń rìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn óò kọ́kọ́ gbé epo tí a ti fọ̀ mọ́ sórí ooru títí yóò fi tó ìwọ̀n 70, kí gbogbo hóró àtijọ́ lè yọ́ pátápátá, kí epo má baà rántí bó ti dì tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn óò rọra máa mú ooru rẹ̀ wálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ẹ̀rọ yóò máa rò ó jẹ́jẹ́, títí yóò fi dé nǹkan bí ìwọ̀n 20. Wọn óò wá gbà á sínú asẹ́ aláṣọ, wọn óò fún un. Nǹkan bí 70 sí 80 nínú 100 yóò jáde ní ṣíṣàn. Ìyẹn ni òróró tí àwọn ará Monrovia ń pè ní argo oil, tí wọ́n fi ń dín ẹja ní gbogbo ojú pópó. Ìyókù yóò kù sínú asẹ́ ní ọ̀rá líle, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣe màgárínì, ọṣẹ, àti ọ̀rá àwọn oníbúrẹ́dì. Bí wọ́n bá tún padà ya èyí tó ń ṣàn náà, wọn óò rí apá àárín kan tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù, tí í yọ́ lórí ahọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá kòkó ti í yọ́. Èyí ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn, àwọn oníṣokoléètì ló sì ń rà á.

Ní ọdún 2000 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin gba ṣokoléètì láàyè láti ní ìpín 5 nínú 100 ọ̀rá mìíràn tí kì í ṣe ti kòkó, nínú ọ̀rá mẹ́fà tí òfin náà sì dárúkọ, epo ọ̀pẹ wà níbẹ̀, òrí tiwa náà sì wà níbẹ̀. Mo rántí àwọn baba ńlá wa nígbà tí mo ka èyí. Wọ́n mọ̀ pé Ọbàtálá, ọba aláṣọ àlà, òrí ni wọ́n fi ń bọ ọ́; wọ́n mọ̀ pé Èṣù Láàlú gba epo ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fojú kan àdín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ẹyìn kan náà ni epo àti àdín ti wá. Ẹni tó bá lè fi òòṣà méjì ya ọ̀rá mẹ́ta sọ́tọ̀ kò lè sọ pé ìyàsọ́tọ̀ ọ̀rá jẹ́ ohun àjèjì sí òun.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ojú kúrò nínú ìkòkò kí a wo òkè. Ẹni tó bá gun òkè Snapper Hill ní Monrovia, níbi tí ilé ìtura Ducor àtijọ́ ti dúró láìsí fèrèsé láìsí ilẹ̀kùn láti ìgbà ogun, yóò rí òkun níwájú, yóò rí ọjà Waterside lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í sábà rántí ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkúta dúdú tí òkè yẹn àti gbogbo etí Cape Mesurado dúró lé ti jẹ́ ohun ṣíṣàn rí. Àwọn onímọ̀ àpáta fi orúkọ ìlú pè é, Monrovia Diabase. Ó ti inú ilẹ̀ jìnnà wá, ó gbóná ju ohunkóhun tí ojú alágbẹ̀dẹ rí rí lọ, ní àkókò tí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n jẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo rí, ń ya kúrò lára ara wọn, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn. Òkun Atlantic gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé. Nígbà tí àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti Amẹ́ríkà bọ̀ gúnlẹ̀ sí erékùṣù Providence ní ẹnu odò Mesurado ní ọdún 1822, ọgbẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ yẹn ni wọ́n ré kọjá kí wọ́n tó dé orí òkúta tó ti inú rẹ̀ jáde.

Ọdún 1822 kan náà ni ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọmọkùnrin kan, ọmọ Òṣogùn, gúnlẹ̀ sí Freetown: Àjàyí ni, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, tí ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay College nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1827. Àwọn òkè tí ọmọ náà gbé ojú wò nígbà tó sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, tí ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà lórí ọ̀kan nínú wọn lónìí, ni àpẹẹrẹ ìdídì onípele tó dára jù ní gbogbo etíkun wa. Irú òkúta yíyọ́ kan náà tó dé Monrovia ló dé ibẹ̀, ó sì súnmọ́ ìgbà kan náà. Ṣùgbọ́n ti Monrovia kéré, ó tètè tutù, kò rí àyè yà dáadáa, ti Freetown sì pọ̀ bí adágún ńlá, ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 65, ó sì lo àkókò gígùn kó tó tutù. Nínú ìtutù gígùn yẹn, àwọn hóró tó nílò ooru jù lọ láti wà ní yíyọ́ ni ó kọ́kọ́ dì, àwọn aláwọ̀ ewé tí ń jẹ́ olivine. Wọ́n wúwo, wọ́n sì rì sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn dì lé wọn lórí, ìpele lórí ìpele bí àkàrà òyìnbó tí a tò, ohun tó ṣẹ́kù ní ṣíṣàn sì ń yàtọ̀ sí ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí hóró kan bá bọ́ kúrò nínú rẹ̀. N. L. Bowen, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ló kọ gbogbo èyí sínú ìwé ní ọdún 1928 tí kò fi sí oníyèméjì mọ́. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni wọ́n rí platinum nínú yanrìn àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wálẹ̀ láti orí àwọn òkè Freetown wọ̀nyí.

Báwo ni platinum ṣe dé ibẹ̀? Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyí. Platinum, palladium àti wúrà, àwọn irin tí ìpẹta kò mọ̀, tí iná ń yọ́ tí kì í jó, kò rí ilé gbé nínú àwọn hóró tó kọ́kọ́ ń dì. Gbogbo yàrá ibẹ̀ kò bá wọn mu. Wọ́n wá dàbí àlejò tó dé ìlú lọ́jọ́ àríyá tí kò sí ilé tó gbà á sílé, tí ó ń kiri títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí òkúta yíyọ́ ti ń dì tí ó ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀ sí i nínú ìyókù, títí imí-ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ yóò fi pọ̀ ju ohun tó lè gbà lọ. Nígbà náà ni imí-ọjọ́ náà pẹ̀lú irin yóò já sílẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, bí epo ti í ya ara rẹ̀ kúrò lára omi nínú ẹkù. Platinum tí kò rí ilé yóò sì wọ inú ẹ̀kán yìí gbìrìgbìrì, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀ ju òkúta yíyọ́ lọ ní ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ̀kán náà wúwo, á rì, á tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ní ilẹ̀ Bushveld ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí irú adágún òkúta yíyọ́ bẹ́ẹ̀ ti tutù ní nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn, ẹní náà fẹ́lẹ́, kò sábà nípọn ju mítà kan lọ, ṣùgbọ́n ó tẹ́ lọ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Hans Merensky ló tọ ipa rẹ̀ ní ọdún 1924, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí dòní. Inú àpáta ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà yẹn ni èyí tó ju ìdajì lọ nínú gbogbo platinum tí ayé ń wà ti ń jáde, gíráàmù díẹ̀ péré nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan.

N kò ní fi ìfẹ́ àfiwé ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Wúrà ilẹ̀ Liberia, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ ní New Liberty ní Grand Cape Mount ní ọdún 2015, kì í ṣe ọmọ ìdídì yìí tààrà. Omi gbígbóná tó gba ojú sísán àpáta àtijọ́ kọjá nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló kó o wá, nígbà tí omi náà sì pàdé òkúta tí ara rẹ̀ bá a mu ló sọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ ìlànà kan náà ló ń ṣiṣẹ́: ohun tó ń ṣàn kó ohun iyebíye rìn, ìyípadà díẹ̀ dé bá a, ohun iyebíye náà sì bọ́ sílẹ̀ sí ibi kan ṣoṣo dípò kó fọ́n ká. Bí wọ́n bá sì ti wà á tí wọ́n yọ́ ọ tán, ohun tó ń ti Liberia jáde ni odindi bíríkì tí wúrà àti fàdákà ṣì dà pọ̀ nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sí ilẹ̀ Switzerland, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya wúrà kúrò lára fàdákà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọ̀nà kan náà tí epo Roye tọ̀ ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn ni wúrà Cape Mount ń tọ̀ lónìí.

Àwọn kan yóò sọ pé ìyàsọ́tọ̀ nílò iná mànàmáná, pé Monrovia kò sì ní i tó. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn dé àyè kan. Ogun ba ìsédò Mount Coffee lórí odò St. Paul jẹ́ ní ọdún 1990, ó sì di oṣù Kejìlá 2016 kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́. Iná ṣì wọ́n, ó sì ń ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń mú epo tutù láti ìwọ̀n 70 dé 20 kì í ṣe ẹ̀rọ tí ń yọ́ irin. Àgbá ńlá ni, ọ̀pá tí omi tútù ń gbà kọjá nínú rẹ̀, ohun tí ń rò ó jẹ́jẹ́, asẹ́ aláṣọ, àti ẹ̀rọ ìfún. Ní Abidjan tí kò jìnnà sí wa, ilé-iṣẹ́ Sania ń fọ epo, ó sì ń yà á, òróró rẹ̀ sì ń kún ọjà àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Nígbà tí ìjọba Liberia fi ilẹ̀ ńláńlá lé àwọn ilé-iṣẹ́ ọ̀pẹ lọ́wọ́, Sime Darby ní 2009 fún 63 ọdún, Golden Veroleum ní 2010 fún 65 ọdún, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wúwo jù nínú àdéhùn náà lójú tèmi ni pé epo tó bá ti ilẹ̀ yìí jáde gbọ́dọ̀ jáde ní yíyà. Ẹni tí a gba ilẹ̀ baba rẹ̀, tí a sì sọ di ẹni tó ń ra òróró ilẹ̀ òkèèrè láti dín ẹja, kò sí ohun tí a lè fi tù ú nínú. A kì í wà létí odò kí a máa fi itọ́ sánwọ́.

Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe Liberia nìkan ni mo ń bá wí. Nàìjíríà wa ló ń ta epo ọ̀pẹ jù ní gbogbo ayé kí ó tó di pé òmìnira dé, lónìí a ń ra kún ti ilé láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀pẹ Òkìtìpupa tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbìn ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ Monrovia ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ Oǹdó. Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ kíá, nítorí ìyẹn kò nílò àdéhùn 65 ọdún. Ọmọ tó ti rí epo tó dì nínú ìgò ìyá rẹ̀ láti kékeré, tí olùkọ́ sì sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ohun kan náà ló tò òkè Freetown ní ìpele-ìpele, kò ní gbàgbé rẹ̀ títí láé. Yunifásítì Liberia ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àpáta; láti ibẹ̀ dé Snapper Hill kò tó ìrìn ọjọ́ kan. Kí wọ́n mú àwọn ọmọ náà gun òkè, kí wọ́n fọwọ́ kan òkúta Monrovia, kí wọ́n sì gba Duala kọjá nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, kí wọ́n bi àwọn ìyá elépo léèrè ọ̀rọ̀.

Ní oṣù Keje tó kọjá, mo ra epo gálọ́ọ̀nù márùn-ún lọ́wọ́ Old Ma, mo yọ́ ọ, mo fi aṣọ ìbora wé ìkòkò náà kí ó lè rọra tutù, mo sì fi òru mẹ́ta gbáko ṣọ́ ọ, tí mo ń fi òṣùwọ̀n ooru wò ó láti wákàtí dé wákàtí. Ní ọjọ́ kẹrin mo dà á sínú aṣọ funfun tí mo so rọ̀, ohun tó kán sílẹ̀ ń ṣàn nínú òjò títí dòní láìdì. Ọ̀rá tó kù sínú aṣọ ni mo pò mọ́ eérú tí mo fi ṣe ọṣẹ. Mo gbé ìgò òróró pupa náà àti ọṣẹ náà lọ bá Old Ma ní ọjà. Ó fi ìka kan òróró náà, ó tọ́ ọ wò, ó gbọ́ òórùn ọṣẹ, ó sì bi mí pé ọjọ́ mélòó ni ó gbà mí. Mo ní mẹ́rin. Ó ní kí n má tíì lọ, ó sì ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ obìnrin láti ìsọ̀ kejì, kí n wá ṣàlàyé bí mo ti wé ìkòkò náà fún un.